Ìfura Kì Í Ṣe Oògùn Ẹran Ara Tó Ń Fò

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ẹran ara wọn ti fò rí. Ó lè jẹ́ ìpéǹpéjú ni yóò máa gbọ̀n láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó lè jẹ́ àtàǹpàkò, ó sì lè jẹ́ itan tàbí ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Kò dunni, kò dá iṣẹ́ dúró. Ó kàn ń fò ni. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọjọ́ méjì mẹ́ta ni, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn kì í lọ bọ̀rọ̀. Oṣù á gorí oṣù, ọdún á yí po, ẹran ara kò ní yé fò, ibi tó fò lónìí sì lè máà jẹ́ ibi tí yóò fò lọ́la. Nítorí àwọn wọ̀nyí ni a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ìmọ̀ràn tí ayé ń gbà wọ́n kò dára.

Ìmọ̀ràn náà ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Àwọn àgbà ilé á ní ìfura loògùn àgbà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ara kì í fò lásán. Bí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ bá ń gbọ̀n, wọ́n á ní ẹkún ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ti òkè, wọ́n á ní ẹni tí a kò rí tipẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ á di àsasí, á di ọwọ́ ayé. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò gba ìyẹn gbọ́ náà ń ṣe irú rẹ̀ lọ́nà tiwọn. Wọ́n á mú fóònù, wọ́n á tẹ ohun tó ń ṣe wọ́n sí Google, kí wọ́n tó ka ojú ewé kan tán, orúkọ àrùn tó ń pani ti wọ ọkàn wọn. Láti ìgbà náà lọ, ilé àyẹ̀wò kan sí òmíràn ni, oògùn kan sí òmíràn. Ohun tí ìyá àgbà gbà gbọ́ yàtọ̀ sí ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò lórí kókó kan: ẹni tí ẹran ara rẹ̀ bá ń fò kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀ títí a ó fi rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ìmọ̀ràn yìí ló ń sọ ohun tí kò tó nǹkan di àìsàn. Ohun tó tọ́ ni pé kí dókítà yẹ ènìyàn wò dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kó mọ̀ bóyá agbára ń dín kù lára rẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí ṣíṣọ́ dópin níbẹ̀, kí dídẹ ara sílẹ̀ àti fífi nǹkan mìíràn gba ọkàn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pe èyí ní ìtùnú lásán kò mọ ohun tó ń sọ. Ìtọ́jú gidi ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòroó yé. Ẹran ara kì í dá gbéra; iṣan tín-ín-rín ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún un. Iṣan kan ṣoṣo lè máa pàṣẹ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́nrán ẹran lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn, irú iṣan bẹ́ẹ̀ á ta iná láìjẹ́ pé ọpọlọ rán an níṣẹ́, gbogbo fọ́nrán tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ á sì fò pọ̀. Ìyẹn lojú ń rí lábẹ́ awọ. Ohun tó ń mú iṣan ṣe bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sílé: àìsùn tó, iṣẹ́ agbára tàbí eré sísá tó kọjá bó ṣe yẹ, ìbẹ̀rù àti wàhálà ọkàn, kaféènì inú kọfí, ti inú obì, àti ti inú àwọn ohun mímu alágolo tí wọ́n fi ń lé oorun. Àwọn oògùn kan náà wà níbẹ̀, bíi salbutamol tí àwọn tó ní ikọ́ fée máa ń fà sínú.

Lọ́dún 1963, àwọn oníwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Reed àti Kurland, gbé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn tí ara wọn le jáde. Bíi méje nínú mẹ́wàá wọn ló ní ẹran ara àwọn ti fò rí. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1993, àwọn dókítà Mayo Clinic ní ìpínlẹ̀ Minnesota tẹ iṣẹ́ tó tún wúwo jùyẹn lọ jáde nínú Annals of Neurology, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn. Wọ́n wá 121 ènìyàn kàn, àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò rí nítorí pé ẹran ara wọn ń fò, tí wọn kò sì rí àrùn kankan lára wọn. Fún àwọn kan, ọdún méjì ló ti kọjá. Fún àwọn mìíràn, ó tó ọdún 32. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí fífò náà padà di àrùn iṣan tó ń pani. Ohun tó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà nìyí, kó sì là á mọ́lẹ̀ kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa.

Àrùn iṣan tó ń pani tí wọ́n ń bẹ̀rù náà ni ALS. Àrùn burúkú ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló mú Lou Gehrig, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù baseball, kúrò lórí pápá lọ́dún 1939, tó sì pa á ní 1941 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 37. Òun ni wọ́n rí lára Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 21. Nígbà tí tọmọdé tàgbà ń da omi yìnyín sórí lọ́dún 2014 láti kó owó jọ fún ìwádìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló gbọ́ ọ nígbà náà, wọ́n sì gbọ́ pé ẹran ara a máa fò nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìlágbára ló sábà ń gbé aláìsàn ALS dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, kọ́kọ́rọ́ ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, omi ń pá a lórí, ẹran àárín ìka rẹ̀ ń joro. Àwọn dókítà wa kò ṣàì mọ àrùn yìí: lọ́dún 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí 92 ọmọ Nàìjíríà tó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí Brain. Ẹni tí ẹran itan rẹ̀ ń fò láti ọdún méjì, tó sì ń gun àtẹ̀gùn, tó ń gbé korobá omi, tó ń gún iyán, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn pátápátá.

Kí ọ̀rọ̀ má di àṣìgbọ́, àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ fi tiwọn falẹ̀. Ẹni tí agbára ń dín kù lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà. Ẹni tí ìdajì ojú rẹ̀ ń fà láìdáwọ́ dúró náà gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó ń rù, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ooru ń mú níbi tí ara ti tu àwọn yòókù, ó lè jẹ́ ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù inú ọrùn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń fọ́n òtapíapíà sí ẹ̀wà tàbí sínú ilé ni, tí òógùn ń bò ó, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bì, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lèyí. Májèlé inú Sniper, oògùn apakòkòrò, àti irú rẹ̀ a máa dí ọ̀nà tí iṣan ń gbà sinmi, ìdí sì nìyí tí ẹran ara fi ń fò lára ẹni tó bá wọ̀ lára. Ewu rẹ̀ wà lára ohun tó mú NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ ní gbangba lọ́dún 2019. Fún àwọn wọ̀nyí, àyẹ̀wò ló kàn. Àwọn tó ti ṣe àyẹ̀wò tán, tí wọn kò sì rí nǹkan kan lára wọn, ni ìmọ̀ràn "máa ṣọ́ ọ" ń pa lára.

Ṣíṣọ́ kì í lọ lófìfo. Ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ ní aago méjì òru. Ó tan iná fóònù sí ẹ̀yìn ojúgun, ó ń ka iye ìgbà tó fò. Ó kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń wò ó bóyá ẹran ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún ti kéré sí ti òsì. Ó dìde, ó fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, kó lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì gbà á. Ó dé iwájú dígí, ó yọ ahọ́n, ó rí i tí ahọ́n ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ já. Bẹ́ẹ̀ ahọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le náà a máa gbọ̀n díẹ̀ bó bá yọ ọ́ síta. Inú ẹnu, níbi tó bá sùn sí, ni dókítà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò fojú ba oorun. Àìsùn yẹn àti ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló sì ń mú iṣan ta iná. Lọ́jọ́ kejì, fífò yóò pọ̀ sí i, òun náà á ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ohun tí ènìyàn ń gbọ́ nínú ara rẹ̀ kò dúró lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìkan; ó tún dúró lórí ibi tí ọkàn wà. James Pennebaker, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn lọ́nà tó rọrùn. Ó ka ikọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo fíìmù. Níbi tí fíìmù ti dùn, ikọ́ dín kù. Níbi tí kò ti dùn, ikọ́ bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀fun kan náà ni, yàrá kan náà ni. Lọ́dún 1980, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Lightner jẹ́ kí àwọn ènìyàn sáré, lọ́jọ́ kan ní ojú pápá tí wọ́n ń yí po, lọ́jọ́ mìíràn láàárín igbó. Ọ̀nà méjèèjì gùn bákan náà. Àwọn tó gba inú igbó sáré yá ju bí wọ́n ṣe sá a lórí pápá lọ, síbẹ̀ wọn kò sọ pé ó rẹ àwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi, òkúta àti kọ̀rọ̀ ọ̀nà ti gba ojú wọn, wọn kò ráyè tẹ́tí sí mímí ara wọn. Ẹran ara tó ń fò kò yàtọ̀. Ọ̀sán tí ọjà bá ń kún, ènìyàn kì í mọ̀ pé ó fò; òru tí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́ ló ń dà bíi pé ilé ń wó.

Ẹ̀rí tó tún lágbára wà lára àwọn dókítà fúnra wọn. Lọ́dún 2013, Simon àti Kiernan, àwọn oníṣègùn iṣan ní Sydney, kọ̀wé nípa àwọn oníṣègùn tí ẹran ara wọn ń fò tí ìbẹ̀rù ALS sì gbé wọn dè. Wọ́n fún ìṣòro náà ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó mọ àrùn dunjú ni ìbẹ̀rù náà ń mú jù. Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀ àti ìṣọ́ra ló ń wo ìṣòro yìí, àwọn oníṣègùn ló yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Má rò ó mọ́, ó parí." Ìmọ̀ràn yẹn náà kò ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1987, Daniel Wegner, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n sì lu agogo nígbàkúùgbà tó bá wọ ọkàn wọn. Agogo kò dákẹ́. Nígbà tí ó wá gbà wọ́n láyè láti ronú nípa rẹ̀, ńṣe ló rọ́ dé ju bó ṣe rí fún àwọn tí a kò kà á léèwọ̀ fún lọ. Àwọn tó sọ fún pé bí béárì bá ti wọ ọkàn wọn, kí wọ́n ronú nípa mọ́tò Volkswagen pupa, ló rọ̀ lọ́rùn jù. Ọkàn kì í gba òfo. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbì kan gbọ́dọ̀ fi ibòmíràn hàn án, kó sì jẹ́ ibi kan pàtó.

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ ìtọ́jú yìí ni ìtìjú. Bí dókítà bá ti lè dárúkọ ìfọ̀kànbalẹ̀, ohun tí aláìsàn ń gbọ́ ni pé irọ́ ló ń pa, tàbí pé orí rẹ̀ ti ń yí. Ó yẹ kí a gba ẹ̀dùn yẹn rò, torí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ló ti fi ẹnu yẹpẹrẹ lé aláìsàn síta. Ṣùgbọ́n ìpínyà tí wọ́n ń fà sáàárín ara àti ọkàn yẹn kò sí nínú ẹ̀dá. Yorùbá mọ ọdẹ orí tipẹ́: nǹkan á máa rìn lórí àti lára, etí á máa hó, àyà á máa já. Lọ́dún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákanjúọlá kọ̀wé lé e lórí fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ àgbáyé, ó sì fi hàn pé inú ara gan-an ni àwọn aláìsàn ti ń jẹ ìyà náà. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná fún, tí nǹkan ń rìn lára wọn, tí ìwé kò sì wọlé mọ́. Olúfẹ́mi Mọ́rákínyọ̀ ní Ifẹ̀ tún tọpa irú wàhálà bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti má sùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ pé aláìsàn ń díbọ́n.

Ẹran ara tó ń fò tiẹ̀ ṣeé rí lójú ju ìwọ̀nyẹn lọ. Ẹ̀rọ EMG, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ẹran, ń ya iná rẹ̀ sórí ojú dígí. Fífò jẹ́ òótọ́, ìbẹ̀rù jẹ́ òótọ́, àwọn méjèèjì sì ń ti ara wọn lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń tọ́jú ìbẹ̀rù ń tọ́jú ìdajì àìsàn náà.

Dídẹ ara sílẹ̀ gan-an, inú ẹran ara ló ti bẹ̀rẹ̀. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Chicago, ló gbé ìwé Progressive Relaxation jáde lọ́dún 1929. Ó fi ẹ̀rọ wọn iná inú ẹran ara, ó sì rí i pé ẹni tó rò pé òun ń sinmi ṣì di ẹran ara pọ̀ láìmọ̀. Ọ̀nà tó là sílẹ̀ kò gba owó. Ènìyàn á dùbúlẹ̀ sórí ẹní tàbí kó fẹ̀yìn ti àga. Á di ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún, kó le, bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí méje, á kíyè sí bó ṣe ń fà dé ìgúnpá; lẹ́yìn náà á tú u sílẹ̀ lójijì, á jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, kí ọwọ́ wúwo lórí ẹní. Á bọ́ sí ọwọ́ òsì. Á gbé èjìká sún mọ́ etí, á jù ú sílẹ̀. Á fún ojú pọ̀, á tú u. Á pa eyín pọ̀, á jẹ́ kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rọ̀. Ikùn, itan, ojúgun, ẹsẹ̀, á tò wọ́n títí dé ìsàlẹ̀. Èémí rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń jáde á pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì pa á tì máa ń sọ pé ńṣe ni fífò pọ̀ sí i bí àwọn ti dùbúlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹran tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í sábà fò. Ìgbà tó bá sinmi lojú ń rí i. Wọ́n ń ṣìṣe níbì kan ṣá: wọ́n dùbúlẹ̀ láti wò ó bóyá yóò dáwọ́ dúró. Ìṣọ́ ni wọ́n tún ń ṣe, orúkọ ló yàtọ̀. Bí ìyàwó ilé tó ń ṣí ìkòkò ìrẹsì ní gbogbo ìgbà láti mọ̀ bóyá ó ti jinná ni wọ́n rí; oru náà ló ń jáde lọ. Ẹni tó ń ṣe ti Jacobson kò bá fífò jà, kò sì kà á. Ó ń kọ́ ara bí a ṣe ń tú u sílẹ̀ ni. Bó bá fò láàárín rẹ̀, kó fò. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni ara fi ń mọ iṣẹ́ náà lára, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ kan.

Dídẹ ara nìkan kò sì tó, torí wákàtí tó wà nínú ọjọ́ pọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ibẹ̀ ni fífi nǹkan mìíràn gba ọkàn ti wúlò, kì í sì í ṣe eré ọmọdé. Ní Seattle, Hunter Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé awò kọ̀ǹpútà sójú àwọn tí iná jó nígbà tí wọ́n ń wẹ egbò wọn. Inú awò náà, yìnyín ló wà níbi gbogbo, aláìsàn á sì máa ju ìṣù yìnyín. Ìrora tí wọ́n sọ pé àwọn gbọ́ dín kù gidigidi. Ní Hamburg, ilẹ̀ Jámánì, Christian Sprenger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdí rẹ̀ lọ́dún 2012. Wọ́n fi ooru ta àwọn ènìyàn lápá, wọ́n sì fún wọn ní iṣẹ́ ìrántí tó le. Bí iṣẹ́ náà bá ti le, ìró ìrora á ti dín kù nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kó tó dé ọpọlọ rárá. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń dí oògùn ìrora tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀, àǹfààní náà dín kù. Ẹni tó ń sọ pé ẹ̀tàn ọkàn lásán ni, kó wá sọ bí ẹ̀tàn ṣe dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ohun tó ń gba ọkàn kì í ṣe ohunkóhun tó bá sáà wà. Kó gba ọwọ́, kó gba ojú, kó sì ní ohun tí a ó rò. Ọpọ́n ayò pé gbogbo rẹ̀: ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta ayò ti kó ọmọ inú ihò kan, ó ń jù wọ́n síhò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ wà lára ihò ọ̀tá tó ku ẹyọ méjì, ó ń ṣírò ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí, àwọn òǹwòran sì ń pariwo lé e lórí. Kò sí àyè nínú ọkàn rẹ̀ fún ẹ̀yìn ojúgun. Aṣọ rírán, irun dídì, àdìrẹ títì, ìlù kíkọ́, akọrin tó ń kọ́ orin tuntun, ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà tí ó sì ń sọ ìtàn fún ọmọ, gbogbo wọn ló dọ́gba níbẹ̀. Fóònù kò sí lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù gbàgbé ẹran ara tó ń fò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa fi wo eré, ìka rẹ̀ á sì tún padà sí ibi tó ti ń wá orúkọ àrùn.

Àríyànjiyàn tó wúwo jù ni pé ìtọ́jú yìí ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, kò wo ìdí rẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìdáhùn wà lára àwọn tí etí wọn ń hó lọ́jọ́ gbogbo. Fún ọ̀pọ̀ wọn, kò sí oògùn tó ń pa ariwo náà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó ń yí ọwọ́ tí ọkàn fi mú un padà ti ràn wọ́n lọ́wọ́: ayé ti rọrùn fún wọn, oorun ti padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ṣì wà. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní bíbo nǹkan mọ́lẹ̀. Níbi ẹran ara tó ń fò, ọ̀rọ̀ tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìbẹ̀rù àti àìsùn wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá ń sùn, tí ara rẹ̀ sì tú, ti ń wo ìdí ọ̀rọ̀.

Kí a wá wo ohun tí àwọn tó ń wá ìdí kiri ń ṣe. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ B-complex lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń ra magnesium ìgò lórí ìgò. Àwọn ìwádìí tó wà lórí pajápajá àwọn àgbà, tó jẹ́ ìbátan ìṣòro yìí, sì ti fi hàn pé magnesium kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Èyí tó ń dunni jù ni ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n wá ṣe ìṣọ́ òru mẹ́ta tàbí méje tẹ̀ léra, pẹ̀lú ààwẹ̀. Àdúrà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó tiẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a gba oorun lọ́wọ́ ẹni tí àìsùn ń ṣe, kí òógùn ìlù àti ijó gbẹ omi ara rẹ̀, kó sì jẹ obì kí ojú má bàa pa dé, ohun tó ń dá iṣan lóró gan-an la ń kó lé e lórí. Pásítọ̀ àti àlùfáà tó bá fẹ́ràn ọmọ ìjọ rẹ̀ yẹ kó ní kó gbàdúrà lọ́sàn-án, kó lọ sùn lálẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó ti yẹ ènìyàn wò tí kò rí nǹkan kan kò gbọdọ̀ fi "kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́" lé e lọ, torí nǹkan ń ṣe é. Kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ fún un ohun tó ń fò àti ìdí tó fi ń fò, kó sọ àwọn àmì mélòó kan tó lè mú un padà wá, kó sì sọ pé yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àyẹ̀wò ti parí. Lẹ́yìn náà, kó kọ dídẹ ara sínú káàdì bí ó ṣe ń kọ oògùn: ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀, ogún ìṣẹ́jú kó tó sùn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kó kọ obì, kọfí àti ohun mímu agolo sí ibi àwọn tí a gbọ́dọ̀ dín kù. Kó béèrè iṣẹ́ ọwọ́ tàbí eré tí ẹni náà fẹ́ràn, kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè kọ́ ogún ènìyàn ní ọ̀nà Jacobson lẹ́ẹ̀kan náà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ, owó rẹ̀ kò tó ti abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.